Fídíò gígé: ẹ jẹ́ kí etí yín ṣáájú ojú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè pé sọ́fítíwíà wo ni kẹ́ ẹ rà láti fi máa gé fídíò, tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà yín ń wọ́, tẹ́ ẹ sì ní ẹ ti wo oríṣiríṣi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àmọ́ ẹ ò tíì parí iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fowó yín sápò ná. DaVinci Resolve ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Kò ní lẹ àmì kankan mọ́ iṣẹ́ yín, àfi tẹ́ ẹ bá lọ fọwọ́ kan àwọn irinṣẹ́ tó jẹ́ ti ẹ̀dà olówó. Tí ẹ̀rọ yín ò bá lè gbé e, Kdenlive àti Shotcut ò béèrè agbára tó bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì làwọn náà. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, kẹ́ ẹ jókòó tì í. Gígé náà ni gígé nínú gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n fi bọ́tìnnì sí ló yàtọ̀. Àwọn tó ń fi gbogbo ìgbà jiyàn lórí èyí tó dáa jù, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ti parí.

Ohun tójú mi ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé ohùn ló ń lé òǹwòran sá ju àwòrán lọ. Èèyàn á fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀ tàbí tó ń mì díẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí ohùn máa hó, tàbí kó máa ròkè rodò, wọ́n á ti kúrò níbẹ̀ kí gbólóhùn kejì tó jáde. Torí náà, ẹ fi lẹ́tà tó ń fò àti àwọ̀ aláràbarà sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Ẹ ní kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún nípa ohun tó mọ̀ dunjú, kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá gé e kù sí ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi hẹ́dífóònù sétí, kẹ́ ẹ dijú gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìgé nǹkan kan. Nígbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ sàmì síbi tó ti tún ọ̀rọ̀ sọ àti ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ kiri. Tó bá wá kan gígé, ẹ fa timeline, ìyẹn ìlà gígùn tí àwòrán àti ohùn tò sí, gbòòrò dáadáa kẹ́ ẹ lè rí bí ohùn náà ṣe ń ga tó sì ń lọ sílẹ̀. Ẹ ó rí i pé kí ọ̀rọ̀ kan tó yọ sókè gọnbu, òkè kékeré kan máa ń wà níwájú rẹ̀. Èémí ni. Ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ ló ni èémí yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú ọ̀rọ̀ náà, ẹ tọ́jú èémí rẹ̀ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́ tèémí tèémí. Ẹni tó bá la èémí sí méjì, ńṣe ló máa dà bíi pé wọ́n ṣàdédé fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fade tín-ín-tín (kí ohùn rọra lọ sílẹ̀ tàbí kó rọra wọlé), bíi frame méjì (frame ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò), sójú ibi tẹ́ ẹ gé, kó má baà máa dún "tá" létí.

Kẹ́ ẹ tó pa máìkì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, kẹ́ ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Kò sí yàrá tí kò ní ohùn tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fa ọ̀rọ̀ méjì jìnnà síra, tí àárín wọn wá ṣófo pátápátá, etí á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti gé nǹkan níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn lẹ ó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tọ́wọ́ yín bá ti mọ èyí, ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ohùn àti àwòrán yà síra níbi tí wọ́n bá ti gé. Ká ní ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀, ẹnì kejì sì fẹ́ dáhùn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ bíi méjì nínú ìdáhùn náà nígbà tí ojú ẹni tó béèrè ṣì wà níwájú wa, ká tó wá rí ẹni tó ń dáhùn. J-cut ni wọ́n ń pè é. Tó bá jẹ́ àwòrán ló kọ́kọ́ yí, tí ohùn ẹni àkọ́kọ́ ṣì ń bá a lọ, L-cut nìyẹn. Ẹ tú ìdè tó so àwòrán mọ́ ohùn, kẹ́ ẹ fa ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gé ìjíròrò kan náà lọ́nà méjèèjì, ẹ wò wọ́n tẹ̀ léra. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́, mi ò rí èyí tó tètè sọ iṣẹ́ mi di iṣẹ́ gidi bí èyí.

Ní ti bí ohùn ṣe máa lọ sókè tó, ẹ wo òṣùwọ̀n ohùn inú sọ́fítíwíà yín, dB ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ga jù wà láàárín -12 dB sí -6 dB. 0 dB ni òpin. Ohùn tó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀ á fọ́. Orin gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ń rò ó pé bóyá ó ti pọ̀ jù, ó ti pọ̀ jù.

Ó ku kọ̀ǹpútà tó ń wọ́. Fídíò tí fóònù ń gbà, ìyẹn H.264 tàbí H.265 (ọ̀nà tí wọ́n gbà ń dín bí fáìlì fídíò ṣe tóbi kù), kì í tọ́jú gbogbo àwòrán lódindi. Á tọ́jú ọ̀kan lódindi, lẹ́yìn náà á máa kọ kìkì ohun tó yí padà sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ àárín, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ padà lọ síbi odindi àwòrán kan, kó wá ṣírò títí tó fi máa dé ibi tẹ́ ẹ wà. Ibẹ̀ ló ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kẹ́ ẹ tó lọ ra ẹ̀rọ tuntun, ẹ lo proxy: ẹ̀dà fúyẹ́fúyẹ́ tẹ́ ẹ ó máa fi gé, tí sọ́fítíwíà náà á sì fi fídíò gangan rọ́pò rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde. Resolve, Kdenlive àti Shotcut ló ní in.

Fóònù tún ní ìwà kan tó fojú mi rí màbo. Mo fi í ya ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gígùn kan, mo sì fi ẹ̀rọ mìíràn gba ohùn. Níbẹ̀rẹ̀, ètè àti ọ̀rọ̀ bára mu. Nígbà tó máa fi di ìparí, ètè ń sọ tiẹ̀, ohùn ń sọ tiẹ̀. Máìkì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Àṣé fóònù kì í dúró lórí 30 frame ní ìṣẹ́jú àáyá kan bó ṣe ń pariwo. Ó lè dín in kù níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò bá ti tó, kó tún fi kún un. Ní báyìí, gbogbo fídíò fóònù ló ń gba inú HandBrake, sọ́fítíwíà tó ń yí fídíò padà sí irú mìíràn, kọjá kí n tó gé e. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan Constant Framerate níbẹ̀, kí iye frame má baà máa yí padà.

Ẹ má sì ṣí fáìlì nípò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Fáìlì project, ìyẹn èyí tí sọ́fítíwíà fi ń tọ́jú iṣẹ́ yín, kò ní fídíò nínú. Àdírẹ́sì fídíò ló wà níbẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí fóldà kan láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní ẹ̀dà mìíràn níbòmíràn.

Transition, ìyẹn ọ̀nà tí àwòrán kan ń gbà bọ́ sí èkejì? Gígé gbọnrangandan ti tó. Mo máa ń lo dissolve (àwòrán kan á rọra yọ́ di èkejì) nígbà tí mo bá fẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé àkókò ti lọ. Àwọn tó ń yí pòòyì wọ̀nyẹn, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó ṣe wọ́n.

Fún gbígbé jáde, H.264, 1920x1080 (òun ni wọ́n ń pè ní 1080p), kí iye frame rẹ̀ bá èyí tẹ́ ẹ fi gé e mu. YouTube dámọ̀ràn 8 Mbps (ìwọ̀n dátà tí fídíò ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan) fún 1080p tí kò bá ju 30 frame lọ, 12 Mbps tó bá jẹ́ 60. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ yọ hẹ́dífóònù létí, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ látẹnu fóònù lásán, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ti gbọ́ ọ.