Ṣé ìlẹ̀kẹ̀ Montessori ni yóò kọ́ ọmọ mi ní ìṣirò?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, wà ní CP, kíláàsì kejì ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbí ní Kétu ní Benin. Bí wọ́n bá pe «vingt-quatre», ìyẹn 24 ní Faransé, fún un, 204 ni ó ń kọ. Ẹnì kan tí ó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ Montessori sọ fún mi pé ilé-ẹ̀kọ́ wa kàn ń mú ọmọ há nǹkan sórí ni, àti pé ìlẹ̀kẹ̀ yìí yóò tún un ṣe láàárín oṣù kan. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á, ìyá. Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti wọlé ni irú ìbéèrè yìí ti ń dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì ń dùn mí gan-an pé àwọn kan ń fi ìdààmú òbí ṣòwò. Ìlẹ̀kẹ̀ kì í kọ́ni ní ìṣirò.

Nínú ètò tí Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tí ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Róòmù ní 1907, fi lélẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kan jẹ́ ẹyọ kan. Mẹ́wàá tí a sín sórí wáyà di ọ̀pá kan. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá di pẹlẹbẹ ọgọ́rùn-ún. Pẹlẹbẹ mẹ́wàá tí a tò léra sì di ẹgbẹ̀rún. Ohun tí ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ ni pàṣípààrọ̀: ó ka ẹyọ dé mẹ́wàá, ó kó wọn lọ bá olùkọ́, ó gba ọ̀pá kan bọ̀. Bí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kò bá jókòó tì í, ohun ìṣeré lásán ni ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò jẹ́, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó.

Ọmọ yín kì í ṣe òpè. Ohun tí ó gbọ́ ni ó kọ: ó gbọ́ «vingt», ó kọ 20, ó gbọ́ «quatre», ó fi 4 tẹ̀ lé e. Kò tíì mọ̀ pé ààyè tí nọ́ńbà dúró sí ni ó ń sọ iye rẹ̀. Ohun tí ó wúlò jù fún irú àṣìṣe yìí nínú ètò Montessori ni káàdì nọ́ńbà, tí ẹni tí ń ta ìlẹ̀kẹ̀ kò sọ fún yín: a kọ 20 sórí káàdì gígùn, a kọ 4 sórí èyí tí ó jẹ́ ìdajì rẹ̀, a wá gbé 4 lé orí òdo 20, ó di 24. Ẹ wo bí èdè wa ti sọ ọ́ gan-an: mẹ́rìnlélógún, mẹ́rin tí ó lé orí ogún. (Tí ẹ bá dé 25, èdè wa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò, márùn-ún dín ní ọgbọ̀n; níbẹ̀, ẹ fi Faransé pe iye náà, kí ó má ba à dàrú mọ́ ọn lójú.)

Ní ti pé ilé-ẹ̀kọ́ òde òní kàn ń mú ọmọ há nǹkan sórí, ìlànà tí ó gbilẹ̀ báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bá ohun tí Jerome Bruner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ti Amẹ́ríkà, kọ ní 1966 mu, orílẹ̀-èdè Singapore sì ti ń lò ó láti àwọn ọdún 1980: kí ọmọ fọwọ́ kan nǹkan, kí ó wò ó ní àwòrán, kí ó tó kọ nọ́ńbà. Ìyàtọ̀ gidi wà nínú àkókò. Kíláàsì òde òní a máa gbé gbogbo ọmọ rìn pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Montessori lè pẹ́ lórí iṣẹ́ kan títí yóò fi yé e, ohun èlò náà a sì fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án. Bí àpẹẹrẹ, nínú àpótí kan tí a kọ nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́sàn-án sí àwọn ààyè rẹ̀, tí ọmọ ń ka igi 45 sí gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ààyè kọ̀ọ̀kan, bí ó bá ṣì í kà, igi á ṣẹ́ kù tàbí kí ó má tó. Olùkọ́ tí ọmọ kún iwájú rẹ̀ bámúbámú kì í rí àkókò yẹn, ẹ̀yin lè rí i nílé.

Ẹ ka ẹyọ ìgbálẹ̀ ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ fi rọ́bà dì wọ́n, ẹ gé káàdì láti ara páálí, kí ẹ sì bá a ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní alaalẹ́. Ẹ má yọ ọ́ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí èyí. N kò rí ọmọ náà, n kò sì lè ṣèlérí ọjọ́ tí àṣìṣe náà yóò tán. Bí sáà yìí bá parí tí kò sì lè ka òkúta márùn-ún láìṣì, ẹ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn.