Ṣé kí n já díìṣì, kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ mi kì í wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo tiwọn. Ìròyìn àti bọ́ọ̀lù nìkan lèmi ń wò. Ṣé kí n má sanwó díìṣì mọ́? Báwo ni dátà tó máa jẹ ṣe máa pọ̀ tó?

Ìdáhùn: Àwọn ọmọ yín nìkan kọ́. Ní Amẹ́ríkà, oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ Nielsen, tó ń ṣírò ohun táráàlú ń wò, kọ́kọ́ rí i pé wíwo íntánẹ́ẹ̀tì lórí tẹlifíṣọ̀n ti ju ti áńténà àti ti oníwáyà lápapọ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ má tíì já díìṣì yín. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò dátà.

Fíìmù HD (àwòrán tó mọ́ kedere) lè jẹ tó GB 3 ní wákàtí kan, 4K (èyí tó tún mọ́ jù bẹ́ẹ̀) lè jẹ GB 7, SD (èyí tí kò mọ́ tó HD) kì í sábà ju GB 1 lọ. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ ní HD lè tó GB 360 lóṣù. Ẹni tó ń fi dátà fóònù wò ó ò ní lè fara da ìyẹn. Ẹ wọ settings áàpù tí ẹ fi ń wò ó, kí ẹ fi í sí SD. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà á dé ló máa gbé àwòrán dé.

Ní ti bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yára tó, èyí tí wọ́n ń fi Mbps wọ̀n, Mbps 5 tó fún HD, 15 fún 4K, àmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń wò ni o. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ti àárọ̀ máa ń tanni jẹ. Bí àwòrán bá ń dúró, tí nǹkan róbótó yẹn ń yí, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ráútà, kí ẹ ṣí fídíò kan náà. Bó bá ń lọ geere níbẹ̀, Wi-Fi ló níṣòro, ẹ má bú àwọn tó ń ta dátà. Nínú oríṣi Wi-Fi méjì tí ráútà sábà máa ń ní, 5GHz yára, àmọ́ ògiri máa ń dí i lọ́wọ́, 2.4GHz ń gba inú ògiri kọjá dáadáa, ṣùgbọ́n ti àwọn aládùúgbò ló ń fún un mọ́lẹ̀. Okùn Ethernet láti ara ráútà sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ló dáa jù.

Bọ́ọ̀lù gan-an ni wàhálà. Wọ́n máa ń gé fídíò sí wẹ́wẹ́, áàpù á sì kó díẹ̀ pa mọ́ kó tó fi hàn yín. Ẹ ó gbọ́ ariwo góòlù nílé kejì kí ẹ tó rí i, dátà tó yára ò sì lè wo ìyẹn sàn tán. Yàtọ̀ síyẹn, òpó tẹlifíṣọ̀n kan ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà tiẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí oníkálùkù, ìdí nìyẹn tó fi máa ń há nígbà ìdíje ńlá.

Bí ìkànnì ọ̀fẹ́ bá wà ládùúgbò yín, áńténà orí òrùlé lè gbé ìròyìn láìsí owó oṣù. Ẹ dáwọ́ owó díìṣì dúró fóṣù kan péré, kí ẹ máa wo òǹkà dátà inú ráútà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí dátà bá tán kí oṣù tó pé, ẹ padà sídìí díìṣì.