Ìgbà wo ni à ń lo "ce", "cet", "cette" àti "ces" nínú èdè Faransé?

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Faransé ní Òṣogbo níbí máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí dáadáa. Ní Yorùbá, a máa ń dárúkọ nǹkan ná kí a tó sọ pé "yìí": ọjà yìí, odò yìí. Ní Faransé, ọ̀rọ̀ atọ́ka ló ń ṣíwájú, ó sì gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ náà mu, ì báà jẹ́ akọ tàbí abo. Akọ ni ọjà: "ce marché". Abo ni odò: "cette rivière". Tó bá ti ju ẹyọ kan lọ, "ces" ni, takọtabo.

"Cet" gan-an ló le. Akọ lòun náà, àmọ́ iwájú fáwẹ̀lì la ti ń lò ó, àti iwájú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó fi "h" bẹ̀rẹ̀: "cet arbre", "cet homme". (Ṣùgbọ́n "ce héros" ni o, irú èyí, ẹ há a sórí.) Ọmọ kan ń júwe Igbó Ọ̀ṣun fún mi, ó kọ "cet grand arbre" sínú ìwé rẹ̀. Kò tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó kàn án gan-an là ń wò, "g" ló sì bẹ̀rẹ̀ "grand", nítorí náà "ce grand arbre" ni.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ sáàárín "yìí" àti "yẹn", ẹ fi "-ci" tàbí "-là" sí ìdí ọ̀rọ̀ náà: "cette rivière-ci" ni odò yìí, "cette rivière-là" ni odò yẹn.