Ìbéèrè Yín: Ààrò Onígi Wo Ló Yẹ Inú Àgọ́?

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú, mo kí yín o. Olùkọ́ ni mí nílùú Àkúrẹ́. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin ti pinnu láti sun òru méjì nínú àgọ́ lóko kòkó ẹ̀gbọ́n mi nítòsí Ìdànrè nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó ń bọ̀, nígbà tí ọyẹ́ bá ń mú. Mo fẹ́ ra ààrò onígi alágbèéká tí a lè gbé sínú àgọ́ kí ara wa lè móoru. Jórinjórin kan ládùúgbò wa ní òun lè fi sílíńdà gáàsì àlòkù ṣe é fún mi lówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ní kí a má wulẹ̀ náwó, pé ààrò eléèédú lásán ti tó. Èwo ni kí n mú?
Olùkọ́, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìbéèrè, Olùkọ́. Ọ̀rọ̀ ààrò eléèédú ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló lè gba ẹ̀mí. Èédú kì í rú èéfín púpọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé kò léwu, ṣùgbọ́n bó ti ń jó lọ jẹ́jẹ́ ni ó ń tú kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì sílẹ̀, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì máa ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá fà á símú. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti sùn lọ lè má jí mọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n gbé irú ààrò bẹ́ẹ̀ wọ yàrá wa lóru ọyẹ́ kan, ìyá mi ló tají tó ṣí ilẹ̀kùn, orí sì fọ́ gbogbo wa títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e wọ inú àgọ́, ẹ̀báà ṣí ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ gbayawu.

Ní ti ààrò onígi, àgọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó na kọ́bọ̀ sórí ààrò. Náílọ́ọ̀nù tàbí pólíẹ́sítà ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àgọ́ fífẹ́lẹ́ tí à ń rí rà, àwọn méjèèjì a sì máa yọ́ kí ooru tó dé 270°C, bẹ́ẹ̀ páìpù tó ti inú ààrò jáde lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgọ́ tó lè gba ààrò ni èyí tí wọ́n fi aṣọ kánfáàsì nípọn rán, tí wọ́n sì ti dá ojú ihò páìpù sí lára rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí iná kì í ràn. Bí tiyín kò bá ní i, ẹ má fi ọ̀bẹ dá ihò sí i fúnra yín. Kò sí ààrò tó yẹ inú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó wọ́n tó.

Bí àgọ́ bá ti dára, páìpù ni kí ẹ fi ojú wò jù. Ó gbọ́dọ̀ ga kọjá orí àgọ́ kí èéfín lè fà sókè, kí oríkèé rẹ̀ wọ ara wọn dáadáa, kí àwọ̀n irin sì wà lẹ́nu rẹ̀ tí yóò máa dá ẹ̀yinná dúró. Ẹ máa gbọn àwọ̀n náà, nítorí bí èédú èéfín bá dí i, inú àgọ́ ni èéfín yóò padà sí. Ilẹ̀kùn ààrò gbọ́dọ̀ pa dé, kí ó sì ní ihò afẹ́fẹ́ tí a lè ṣí tàbí kí a pa láti fi darí iná.

Ní ti irin tí wọ́n fi ń ṣe ààrò, èyí tí wọ́n ń pè ní titanium ló fúyẹ́ jù, ó sì wọ́n. Ó tètè ń gbóná, ó tètè ń tutù. Ẹni tó fẹ́ gun òkè pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn ni mo máa ń gbà nímọ̀ràn láti rà á. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yóò gbé dé etí oko, irin lásán ti tó yín, nítorí bó bá nípọn, ooru máa ń pẹ́ lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dípẹtà bí a kò bá tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ ti sílíńdà. Bí gáàsì díẹ̀ bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀, ó lè bú gbàmù lójú ẹni tó ń gé e, n kò sì fẹ́ kí jórinjórin yín fara gbá nítorí owó táṣẹ́rẹ́. Ẹ ní kó lo irin pẹlẹbẹ tuntun, kó má sì fi páànù tàbí páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò ṣe ojú èéfín, nítorí bí síǹkì bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ lè mú kí ara ènìyàn máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ìta gbangba ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dáná sínú rẹ̀ kí òróró àti ọ̀dà ara rẹ̀ lè jó tán.

Igi gbígbẹ nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ̀ka kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kò ní ṣe ju èéfín lọ. Igi ayín tó ti gbẹ dára púpọ̀. Ẹ gbá ewé gbígbẹ kúrò yíká àgọ́ dáadáa, kí omi àti yanrìn sì wà nítòsí, torí pé nígbà ọyẹ́, ẹ̀yinná kan ṣoṣo lè jó oko kòkó tí ẹ̀gbọ́n yín fi ọ̀pọ̀ ọdún gbìn.

Bí ó bá jẹ́ tèmi, n ó gbé ààrò náà síta níwájú àgọ́, a ó yáná níbẹ̀ títí oorun yóò fi kùn wá, a ó pa iná, a ó sì wọlé lọ fi aṣọ ìbora méjì méjì bora. Òtútù Ìdànrè kò ju èyí tí aṣọ ìbora lè ká lọ. Bí ẹ bá sì tẹnu mọ́ ọn pé inú àgọ́ ni, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń ké bí kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì bá ń pọ̀, ẹ ṣí ojú afẹ́fẹ́ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí iná sì ti kú pátápátá kí ẹni tó kẹ́yìn yín tó dùbúlẹ̀.