Ta ni Hazel Dickens, kí ló sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká nínú bluegrass, orin àwọn ará ìgbèríko Amẹ́ríkà?

Ọmọ West Virginia ni, ní Amẹ́ríkà, lágbègbè tí wọ́n ti ń wa èédú. Ọmọ mọ́kànlá ni ìyá rẹ̀ bí. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀, ó ń ta bánjò, ohun èlò orin olókùn tó jọ gìtá, ó sì ń fi ọkọ̀ kó igi lọ síbi ìwakùsà.

Ìṣẹ́ ló lé Hazel dé Baltimore ní àwọn ọdún 1950, ó ń ṣiṣẹ́ ní fáktìrì. Ibẹ̀ ló ti bá Mike Seeger, olórin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, pàdé. Nígbà tó yá, Hazel àti Alice Gerrard, obìnrin akọrin mìíràn, jọ ń kọrin, àwo wọn àkọ́kọ́ sì jáde ní 1965. Ọkùnrin ló sábà máa ń ṣáájú ẹgbẹ́ bluegrass nígbà náà, nítorí náà ohun tí obìnrin méjì yìí ṣe kì í ṣe kékeré rárá.

Orin Hazel tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni "Black Lung". Thurman, arákùnrin rẹ̀ tó jẹ́ awakùsà, ni àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí eruku èédú ń fà pa, òun ni Hazel kọ orin náà fún. Ẹ gbọ́ ọ níbi tó ti ń kọ ọ́ láìsí bánjò, láìsí gìtá: ohùn líle yẹn nìkan, bí ẹni ń dárò nídìí òkú.

Orin rẹ̀ wà nínú "Harlan County, USA", fíìmù lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn awakùsà ní Kentucky tó gba Oscar. Hazel gba National Heritage Fellowship, àmì ẹ̀yẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀, ní 2001, ó sì kú ní Washington ní oṣù kẹrin 2011.