Kí o tó ra oògùn yẹn, àbúrò mi

Àbúrò mi ní Mọ́dákẹ́kẹ́, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lálẹ́ àná, oorun ò sì kùn mí mọ́. O ní ọmọkùnrin rẹ ti pé ọdún 2 àti oṣù 9, kò tíì sọ ju "bàbà" lọ, tí o bá pè é kì í bojú wẹ̀yìn, ìdérí ìkòkò ló sì ń fi ìka yí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń bá a ṣeré. Wòlíì ní kí o wá gbààwẹ̀ ọjọ́ 21. Ẹnì kan sì ń bá ọ ná oògùn olómi kan ní 45,000 náírà, ó ní kí oṣù tó parí ọmọ á máa rojọ́. O wá ń béèrè èyí tí o máa kọ́kọ́ ṣe.

Gbogbo rẹ̀ ni mo ti ṣe. Ọmọ tèmi, tí dókítà ní ọ́tísìmù (autism) ló ní, ti di ọmọ ọdún 9 báyìí. Iléṣà ni mo ń gbé, ata ni mo ń lọ̀ fún àwọn oníbàárà, ẹ̀rọ méjì ni mo ní nítòsí ọjà Àtàkúmọ̀sà. Má gbàgbé ẹ̀rọ yẹn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Etí ni kí o kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò. Èmi náà ò fẹ́ gbà nígbà tí dókítà sọ fún mi, torí bí mo bá ti tan ẹ̀rọ báyìí, ọmọ mi á di etí méjèèjì, á figbe ta bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára. Mo ní, "Dókítà, ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀rọ, ṣé adití ni?" Ó ní ọmọ lè máa gbọ́ ààrá, kó máa gbọ́ ẹ̀rọ, kó má sì gbọ́ àwọn ohùn tín-ínrín inú ọ̀rọ̀, irú "s" àti "f". Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, báwo ló ṣe máa sọ ọ́? Mo dákẹ́.

Ìbàdàn la ti lọ ṣe àyẹ̀wò náà. Ojú oorun ni wọ́n ti ń ṣe é fún ọmọdé. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ ọn níwájú orí àti lẹ́yìn etí, wọ́n á máa ju ohùn sí i létí, ẹ̀rọ á sì máa ka bóyá ohùn náà ń dé ọpọlọ. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó sùn dáadáa lóru kí oorun lè gbé e tí a bá débẹ̀. Agogo 3 òru ni mo jí i. Mo gbé e jó, mo kọrin, mo tan iná, mo pa iná. Agogo 6 a wọ ọkọ̀. Kò sùn ní Ifẹ̀, kò sùn ní Gbọ̀ngán. Ní Ìkirè ni mo bá yíjú sí àwọn tó ń ta dòdò. Kí n tó gba ṣéńjì, ọmọ ti sùn fọnfọn lórí itan mi. Mo gbọ̀n ọ́n, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, kò mira. Ní Aṣéjírè ló jí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Nígbà tí a fi dé Ìbàdàn, eré ló ń sá yí ká yàrá wọn. Wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3. Dòdò Ìkirè ọjọ́ yẹn, mi ò lè jẹ ẹ́ tán.

Nígbà kejì, ọkọ mi ló gbé e, ó ń fi omi tútù nù ún lójú títí a fi débẹ̀. Wọ́n rí i ṣe. Etí rẹ̀ pé. Mo bú sẹ́kún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn tó jókòó síbẹ̀ ń kí mi kú oríire. Wọn ò mọ̀ pé mo ti ń gbàdúrà pé kó jẹ́ etí, torí etí ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, ká sì máa lọ sílé.

A padà sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé. Oṣù 28 ni ọmọ mi nígbà náà. Ó bi mí ní ìbéèrè 20 kan tí wọ́n máa ń bi ìyá ọmọ oṣù 16 sí 30. Ṣé ó máa ń na ìka sí ohun tó wù ú kí o lè bá a wò ó? Tí ìwọ bá na ìka sí nǹkan, ṣé ó máa ń wo ibẹ̀? Ṣé ó máa ń ṣe bí ẹni ń mu omi nínú ife òfìfo? Ibi ife òfìfo yẹn ni ohùn mi ti há, torí àbúrò mi obìnrin ní ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, lójoojúmọ́ ló ń "se ọbẹ̀" fún mi nínú ìdérí páànù. Tèmi, ńṣe ló ń to ìdérí ìgò lẹ́sẹẹsẹ, tí ẹnì kan bá ṣí ọ̀kan nípò, ilé dàrú.

Dókítà ní ọ́tísìmù ni. Ó ní láti inú oyún ni ọpọlọ ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń gba ọ̀nà tirẹ̀, pé ó máa ń rìn nínú ẹbí, pé kò ràn, pé kì í ṣe ìwà ìyá ló fà á, pé àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń rí i lára wọn tó ìlọ́po 4 àwọn obìnrin. Ó ní kò sí oògùn tó ń mú un kúrò, ẹ̀kọ́ ni. Ibẹ̀ ni mo ti dìde.

Oṣù 14 ni mo fi sá fún ọ̀rọ̀ yẹn. Mo gun òkè, mo gbààwẹ̀ títí wàrà ọmú mi fi gbẹ, èmi tí mo ní ọmọ kékeré lọ́wọ́. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún un ní ìpàkọ́. Wòlíì kan ní ẹ̀mí kan ló wà nínú ẹ̀rọ ata mi tó ń dẹ́rù bà á, kí n tà á. Mo fẹ́ẹ̀ tà á! Oògùn olómi tèmi, ìgò 3 ni, 30,000 náírà. Ọmọ sùn ọjọ́ méjì, mo ní ó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo gbé ìgò náà fún oníkẹ́mísì àdúgbò wa, ó fi èékánná ha bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, bébà mìíràn jáde lábẹ́ rẹ̀: oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn. Ìdí nìyẹn tí oorun mi fi dá lálẹ́ àná. Àwọn kan tún ń ta omi tí wọ́n ń pè ní MMS lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bó nǹkan di funfun ni, má jẹ́ kó kan ẹnu ọmọ rẹ láé. Oògùn tí dókítà lè kọ fúnra rẹ̀, irú risperidone, ìbínú líle àti kí ọmọ máa ṣe ara rẹ̀ léṣe ló wà fún, kì í ṣe fún ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì máa ń jẹ́ kí ọmọ jẹun ju bó ti yẹ lọ. Ọmọ tèmi ò lò ó.

Èyí tó dùn mí jù nínú oṣù 14 yẹn, mi ò fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ti ń sọ fún ìwọ náà pé abẹ́rẹ́ ni. Aládùúgbò kan ló ní abẹ́rẹ́ éèyi tí wọ́n fún ọmọ mi ní oṣù 9 ló fà á. Mo gbà á gbọ́, mi ò gbé àbúrò rẹ̀ lọ gba tirẹ̀. Éèyi mú un. Ọjọ́ 8 la lò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ wú pọ̀, mo ń fi òwú tútù là á díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ti wá. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Andrew Wakefield, ló kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1998. Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà tó tẹ̀ ẹ́ jáde, yọ ọ́ dànù ní 2010, wọ́n sì yọ orúkọ òun náà kúrò lára dókítà lọ́dún kan náà. Bẹ́ẹ̀, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni dókítà David Morley ti wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild wa níbí, tó ń rí bí éèyi ṣe ń kó àwọn ọmọ lọ. Ọmọ Iléṣà ni yóò wá máa sá fún abẹ́rẹ́ éèyi. Ojú ń tì mí di òní.

Ọmọ ti lé ní ọdún mẹ́ta àbọ̀ kí n tó padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó júwe arábìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ohun tí wọ́n ń pè ní speech therapist. Mo rò pé ńṣe ni yóò gbé e jókòó, kó máa ní kó pe "a, b, d". Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é, èmi á kàn fi hàn yín. Kí ló fẹ́ràn jù?" Mo ní omi tútù. Ó gbé ọ̀rá pure water òfìfo nílẹ̀, ó gé iwájú rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí Indomie. Èmi jókòó níwájú ọmọ, omi wà lọ́wọ́ mi, òun jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọ ṣe nawọ́ sí omi, ó di ọwọ́ náà mú jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn, ó fi gbé páálí, ó fi lé mi lọ́wọ́. Èmi ní, "Omi!" mo sì fún un lójú ẹsẹ̀, ìwọ̀nba ọ̀mu kan péré, kó lè tún béèrè. A ṣe é bí ìgbà 15 kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní PECS ni wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn, kí ọmọ máa fi àwòrán béèrè nǹkan, wọ́n ti ń lò ó ní Amẹ́ríkà láti 1985. Mo bi í bóyá àwòrán ò ní jẹ́ kó ya ọ̀lẹ, kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní rárá, ọmọ tó ti mọ̀ pé òun lè béèrè nǹkan kó sì tẹ òun lọ́wọ́, òun ló ń rí ìdí tó fi yẹ kó lanu.

Ọjọ́ kẹsàn-án, mo wà nídìí ẹ̀rọ, ata oníbàárà kan ń lọ lọ́wọ́. Ọmọ yìí kì í dé ibẹ̀ tí ẹ̀rọ bá ń dún, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń sá lọ. Mo bá gbójú sókè, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbé èjìká dí etí kan, ó fi ọwọ́ dí èkejì, ọwọ́ tó kù di páálí pure water mú. Ó ń sunkún, ó sì ń bọ̀. Mo pa ẹ̀rọ. Oníbàárà ní, "Ìyá, ata mi ńkọ́?" Mo ní kí ata dúró. Ó fi páálí lé mi lọ́wọ́, ata wà lára rẹ̀ títí dòní, mi ò jù ú nù.

Nítorí náà, àbúrò mi, tí o bá ní 45,000, fi wá ẹni tó máa kọ́ ìwọ fúnra rẹ. OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, wà nílẹ̀ yín ní Ifẹ̀, abẹ́ rẹ̀ náà ni Wesley Guild tiwa wà. Lọ sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé, kí o sì ti fi fóònù ká fídíò ọmọ nílé: ìgbà tó ń yí ìdérí ìkòkò, ìgbà tí o pè é tí kò wẹ̀yìn, ìgbà tó ń rẹ́rìn-ín. Níwájú dókítà, ó lè máà ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Má dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa pè ọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Gbé ohun tó fẹ́ràn sí ibi tí ojú rẹ̀ tó tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín ṣe déédéé. Sọ ọ̀rọ̀ kan, má sọ mẹ́wàá, kí o wá dákẹ́ kó rí àyè. Ìdákẹ́ yẹn ló nira fún mi jù, ẹ mọ ẹnu Ìjẹ̀ṣà.

Kànga. Tí kànga bá wà ní àgbàlá yín, fi àgádágodo sí i lónìí. Tèmi jáde nílé ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ìdí kànga ilé kejì la ti rí i, ó ń ju òkúta sínú rẹ̀, ó ń tẹ́tí sí bó ṣe ń dún. Láti ọjọ́ náà ni nọ́ńbà fóònù mi ti wà nínú ọrùn gbogbo ẹ̀wù rẹ̀, gbogbo ọlọ́kadà àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n.

Ti ilé ìwé, mẹ́ta ló kọ̀ ọ́ kí a tó rí èyí tó gbà á. Òfin tó lòdì sí irú ìyẹn wà, ààrẹ Buhari ló fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2019, ṣùgbọ́n mi ò lágbára ẹjọ́, mo kàn ń wá kiri ni.

Ìyá ọkọ rẹ, má bá a jà. Tèmi tó ní ẹ̀mẹ̀rẹ̀ ni, òun ló wá fi okùn so àwọn páálí náà pọ̀ nígbà tí wọ́n di 30, òun ló mọ̀ kí n tó mọ̀ pé nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé "Ṣé o fẹ́ mu omi?" kì í ṣe pé ó ń bi wá, òùngbẹ ló ń gbẹ òun. Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún un ló ṣe gbé e. Báyìí, ó ti ń sọ "mo fẹ́". Kì í rojọ́. Kò jọ pé yóò máa rojọ́. Ẹ̀rọ ata ṣì ń dùn ún létí, ṣùgbọ́n mo ra ìdétí irú èyí tí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ńlá máa ń dé fún un, mo sì máa ń ka ení, èjì, ẹ̀ta kí n tó tàn án. Nígbà mìíràn òun gan-an ló ń kà á.

Ohun kan wà tí o ò sọ. Tó bá fẹ́ nǹkan, ṣé ó máa ń fà ọ́ lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, àbí ibi tó wà ló ń dúró sí tó ń sunkún? Kí ló sì fẹ́ràn jù láti jẹ tàbí láti mu? Dá mi lóhùn kí n mọ ohun tí o máa kọ́kọ́ gé sórí páálí.