Ọmọbìnrin mi, ọdún 15, ń mu slimming tea dípò oúnjẹ àárọ̀, ṣó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Rárá o, ẹ má gba tíì yẹn gbọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí ẹ̀ dáadáa, ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìgbẹ́ lewé yẹn sì ń jẹ́ kéèyàn yà. Ìfun ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kó tó débẹ̀ ìfun kékeré ti fa èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ sára tán, torí náà omi àti iyọ̀ ara bíi potassium ló ń bá ìgbẹ́ lọ, kì í ṣe ọ̀rá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá gun ìwọ̀n láàárọ̀ á rí i pé òun ti fúyẹ́, tó bá mumi tán ó ti padà, ló bá tún po òmíràn.

Ti oúnjẹ àárọ̀, kó tó di bréèkì ebi á ti pa á débi pé pọ́fù-pọ́fù mẹ́fà àti ẹlẹ́rìndòdò ló máa rà (èmi náà ṣe é rí 😂). Ó ṣì ń dàgbà, ó sì ń ṣe nǹkan oṣù, ara ẹ̀ nílò ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, ẹyin. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ijó náà wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní orobo mọ́ nínú ilé. Tó bá ń fìka fa èébì lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró, dókítà ni kẹ́ ẹ mú un lọ bá, kì í ṣe alágbo.